Nọ́ńbà Tí Kò Yí Padà Nínú Fíríìjì Ìyá Rẹ

Duncanville,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Títílayọ̀ ọmọ mi,

Bí o kò bá tíì jẹun, gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ ná, kí o jẹun, kí o tó padà wá kà á. Ó gùn. Mo sì mọ̀ ọ́: bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, tíì nìkan ni o máa ń mu. Ṣé ilẹ̀kùn apátímẹ́ǹtì rẹ ti ń tì dáadáa báyìí? Ṣé wọ́n ti bá ọ wo táyà iwájú ọkọ̀ rẹ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀? Láti ilé rẹ ní Wylie dé ibi iṣẹ́ ní Plano kò jìnnà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ti ní kí n má fi ọ̀rọ̀ táyà bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí.

Mo ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́, nítorí lórí fóònù, bí mo bá ti sọ gbólóhùn méjì, o ó ní, "Okay, Daddy, mo ti gbọ́," ìyókù ọ̀rọ̀ á sì sá mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá fi èyí ránṣẹ́ kí ọ̀la tó parí, yóò dé ọwọ́ rẹ ní Sátidé. Mo fẹ́ kí o kà á kí Mọ́ńdè tó dé.

Láti Sọ́ńdè tí o ti pè mí lẹ́yìn ìsìn, ara mi kò lélẹ̀. Mo ti ro ohun tí o sọ lọ sókè sódò, mo fẹ́ tún un sọ kí n lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. O ní ẹ̀rọ tí ẹ ń ṣe níbi iṣẹ́ tuntun yìí máa ń ti oògùn díẹ̀díẹ̀ gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú iṣan aláìsàn. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọn bí oògùn ṣe ń fún mọ́ inú rọ́bà náà. Bí rọ́bà bá dí díẹ̀, ẹ̀rọ á rí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá dí gan-an, iná tó ń ti ibẹ̀ wá á ju èyí tí ẹsẹ̀ ṣíìpù, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, lè gbà lọ, nọ́ńbà á sì dúró sójú kan, ì báà dí díẹ̀ sí i, ì báà dí pátápátá. O sọ fún ọ̀gá rẹ. Ó ní ẹ̀rọ náà ti yege nínú gbogbo ìdánwò, pé ohun kékeré ni, kí o ṣáà fọwọ́ sí ìwé tìrẹ ní Mọ́ńdè pé ẹ̀rọ náà dára.

Mo bi ọ́ pé, "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

O ní, "Dádì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo dé ibẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní oníwàhálà."

"Ṣé wọ́n lè dá ọ dúró?"

"Wọ́n lè dá ẹnikẹ́ni dúró láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́."

Mo ní, "Fọwọ́ sí i, Títí. Fọwọ́ sí i, kí ọkàn wa balẹ̀."

Ohun tí mo sọ fún ọ nìyẹn, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Lẹ́tà yìí ni mo fi ń gbà á padà. Mo mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́: ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù sì ti mú mi dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì rí nínú ọ̀rọ̀ irú èyí gan-an. Jẹ́ kí n sọ méjèèjì fún ọ.

Èkínní. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo ń kọ́ iṣẹ́ rédíò ní Òṣogbo lọ́dọ̀ Ọ̀gá Láyíwọlá, ọkùnrin gíga kan tí kì í bínú. Mítà kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bọ́tìnnì tí a máa ń yí láti fi sọ fún un bí iná tó fẹ́ wọ̀n ṣe pọ̀ tó. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá jáde, mo yí i sí fóltì mẹ́wàá, mo gbàgbé, mo sì kì í bọ ojú iná ògiri. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fò, ó gbá etí gíláàsì, ó tẹ̀. Mo ṣí gíláàsì, mo fi ẹ̀mú tọ́ abẹ́rẹ́ náà padà. Ó dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ ti jó, abẹ́rẹ́ náà kò lè kúrò lójú òdo mọ́ láéláé. Mo gbé e padà síbi tó wà.

Ọ̀gá dé, ó fi mítà wo wáyà kan, abẹ́rẹ́ kò mì. Ó ní, "Wọ́n ti mú iná lọ," ó sì fọwọ́ mú wáyà. Iná gbé e lórí àpótí tó jókòó lé, ó sọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wà níbẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Délé, ṣé o ti fẹ́ jogún ṣọ́ọ̀bù mi ni?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní iná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀gá. Ó gbà á gbọ́. Ó kú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àìsàn ọjọ́ ogbó ló pa á, kò sì mọ̀. Ìka rẹ̀ kan kò tẹ̀ mọ́ títí ó fi lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀, tí mi ò sì fi ṣèwà hù, ni pé ohun tó bá bàjẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó bàjẹ́ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Èyí tó bàjẹ́, tí a tún ojú rẹ̀ ṣe, ni kí o sá fún.

Ìkejì gùn díẹ̀, ó sì kan ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn ọ́ pé mo mọ ohun tí mò ń sọ, kí o má bàa ní bàbá àgbàlagbà kan ló ń ṣàníyàn lásán. Ìwọ lo kọ́ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń jó òjé mọ́ ara bọ́ọ̀dù ní ilé iṣẹ́ kan níhìn-ín lẹ́yìn tí a sọdá òkun, mi ò mọ ohun tí ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àfi ìgbà tí mo fẹ̀yìntì tí o ra bọ́ọ̀dù kékeré yẹn tó ní ṣíìpù lára fún mi, tí o jókòó tì mí ní tábìlì oúnjẹ.

O ṣàlàyé pé nínú ayé, iná máa ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi, ṣùgbọ́n ṣíìpù kò mọ ohun tó ń jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Nítorí náà ó ní ibì kan nínú rẹ̀ tó ń sọ iná di nọ́ńbà. Ó ní àpò kékeré kan níbẹ̀. Á ṣílẹ̀kùn, iná á ṣàn wọ àpò títí tí inú àpò á fi bá ìta dọ́gba, á sì tilẹ̀kùn. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè: ṣé èyí tó wà nínú àpò ju ìdajì iná tí mo fi ń ṣe òdiwọ̀n lọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ju ìdajì ìyókù lọ? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè méjìlá péré, nọ́ńbà á jáde, láti òdo títí dé 4095.

Nígbà tí o sọ ọ́, bàbá mi ni mo rántí. Ó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àpò kòkó dé, á gbé òkúta ìwọ̀n tó tóbi jù lé apá kejì òṣùwọ̀n. Bó bá wúwo jù, á gbé e kúrò, á fi èyí tó kéré sí i. Bó bá fúyẹ́, á jẹ́ kó wà níbẹ̀, á fi òmíràn kún un. Ohun kan náà ni ṣíìpù ń ṣe. Bí òkúta ìwọ̀n bá ti là létí, gbogbo kòkó ọjọ́ yẹn ti di irọ́; bẹ́ẹ̀ náà ni bí iná tí ṣíìpù fi ń ṣe òdiwọ̀n bá ń mì. Bí àpò kan bá sì wúwo ju gbogbo òkúta tó wà nílẹ̀ lọ, bàbá mi kì í ka òkúta kí ó ní ìwọ̀n àpò náà nìyẹn. Á ní kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n tún gbé e wá.

Mo tún rántí ohun méjì mìíràn tí o kọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí o fi wọ́n ṣe ara rẹ lóore níbi iṣẹ́. Àpò yẹn fẹ́ àkókò. Bí iná bá ní láti gba inú rẹsítọ̀ ńlá, ohun tó ń dí iná lọ́wọ́, kọjá kí ó tó dé, tí ilẹ̀kùn sì tètè tì, ìdajì ni àpò á gbà, nọ́ńbà á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn èèyàn kan wà bẹ́ẹ̀. O sọ fún mi nípa obìnrin àgbàlagbà tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tìrẹ, tó máa ń pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Dúró dè é. Má ṣe tilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Èkejì ni ti ẹsẹ̀ ṣíìpù tí a kò so mọ́ nǹkan kan. Mo rò pé òdo ni á máa kà. Òdo kọ́. Ariwo àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ni á máa kà, bí ẹni tí kò ní èrò tirẹ̀. Títí, ìwọ nìkan lo ń gbé ní Wylie. Wá ṣọ́ọ̀ṣì kan tó súnmọ́ ọ. Má jẹ́ kó jẹ́ ohùn ilé iṣẹ́ nìkan ni o ó máa gbọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè.

Ó yá, ti ìyá rẹ.

O rántí fíríìjì kékeré tí mo rà ní àlòkù, tí mo gbé sí yàrá wa? Èmi ni mo ní kí a kó ínsúlíìnì tí ìyá rẹ ń gún fún àtọ̀gbẹ síbẹ̀, nítorí gbogbo èèyàn tó wọ ilé wa ló ń ṣí fíríìjì ńlá, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ooru á wọ oògùn náà. Mo wá ní kí n ṣe aago tí á máa ké bí inú rẹ̀ bá gbóná. Bọ́ọ̀dù tí o fún mi ni mo lò, pẹ̀lú rẹsítọ̀ kékeré kan tó ń mọ òtútù àti ooru. O ti fi bírò pupa kọ ọ́ sára páálí bọ́ọ̀dù náà pé kò sóhun tó gbọ́dọ̀ wọ ẹsẹ̀ ṣíìpù tó ju fóltì mẹ́ta ó lé díẹ̀ lọ. Mo kà á. Ṣùgbọ́n ihò méjì ni iná ti ń jáde lára bọ́ọ̀dù náà, ọ̀kan fóltì mẹ́ta ó lé, èkejì fóltì márùn-ún, mo sì mú márùn-ún kí ó lè lágbára. Mo rò pé bí mo bá ṣe àṣìṣe, á jó. Kò jó. Mo ní ó ti gbà á nìyẹn.

Bí fíríìjì bá ṣe ń tutù sí i ni iná tó ń wọ ẹsẹ̀ ṣíìpù ń ga sí i. Mo fi tẹmómítà onígíláàsì sínú fíríìjì, ó ní dígírì mẹ́rin. Mo wo ṣíìpù, ó ní 4095. Mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé 4095 ni dígírì mẹ́rin, ibẹ̀ ló dára. Mo di ohun kékeré náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ó móoru, nọ́ńbà wálẹ̀, aago ké. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó. Mo pe ìwọ náà lórí fóònù, o rántí, o ní, "Dádì, ẹ ti di ẹnjiníà!"

Nọ́ńbà náà kò yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Títí, inú mi dùn sí i ni. Ní Òṣogbo, kò sílé tó ní tẹlifíṣọ̀n tí kò ní sitebiláísà tó ń mú iná dọ́gba, abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ á sì máa jó sókè sódò láti àárọ̀. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ bá dúró sójú kan, gbogbo àdúgbò á máa yọ̀ pé iná dára lónìí. Ogún ọdún ni mo fi ń tún wọn ṣe. Ó ti wọ̀ mí lára pé ohun tó bá dúró sójú kan ló dára. Mo máa ń wo 4095 yẹn láàárọ̀ bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó sùn dáadáa.

Mi ò mọ̀ pé láti nǹkan bíi dígírì mọ́kànlá lọ sísàlẹ̀ ni iná ti ju ẹnu ṣíìpù lọ. Dígírì mẹ́wàá, 4095. Dígírì mẹ́rin, 4095. Kí ó di yìnyín, 4095. Fíríìjì àlòkù yẹn ti bàjẹ́, kò mọ ìgbà tí á dáwọ́ òtútù dúró mọ́. Lọ́jọ́ kan mo rí yìnyín díẹ̀ lára ògiri rẹ̀ níbi tí mo to oògùn sí. Mo wo yìnyín, mo wo nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni mo gbà gbọ́. Èmi ni mo máa ń yọ oògùn tó kàn, pẹ̀lú páálí rẹ̀, sínú báàgì ìyá rẹ, kò sí ìgbà kan tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kàn án nínú fíríìjì. Ínsúlíìnì tó bá ti di yìnyín rí kì í ṣiṣẹ́ mọ́, bó tilẹ̀ padà yọ́.

O mọ ìyókù. Ṣúgà rẹ̀ lọ sókè, ó ṣubú níwájú ilé, ó lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù. Dókítà bi í pé kí ló ń jẹ. Ìyá rẹ, tó ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní gbogbo ayé rẹ̀, dorí kodò bí ọmọ iléèwé. Ìwọ náà bá a wí lórí fóònù, o ní, "Mọ́mì, ẹ kì í gbọ́ràn!" Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni mo dé ilé, tí mo tú fíríìjì, tí mo bá oògùn tó ṣẹ́kù tó le gan-in bí òkúta, tí nọ́ńbà sì ń sọ fún mi pé dígírì mẹ́rin ni. Mo gbé gbogbo rẹ̀ dànù. Wọ́n fún un ní oògùn tuntun, ara rẹ̀ yá, gbogbo wa ní oúnjẹ tó dín kù ló mú ara rẹ̀ yá. Oṣù mẹ́jọ rèé.

Mo dúró díẹ̀ níbí.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán.

Mi ò lè kọ ìyókù lánàá. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé kí o lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ ní Mọ́ńdè, kálàmù kò sì lọ, nítorí èmi tí mò ń rán ọ níṣẹ́ yìí kò tíì jẹ́ ẹ. Láàárọ̀ yìí mo bá ìyá rẹ ní kíṣìnì, ó ń gé ẹ̀fọ́.

Mo ní, "Ìyá Títí, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Bó bá jẹ́ ti táyà ni, mo ti bá a sọ ọ́."

"Kì í ṣe táyà. Fíríìjì kékeré yẹn ni."

"Èwo? Èyí tí ẹ ti gbé jù sí ìta látọjọ́ yìí?"

Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò fi yìnyín ara ògiri pamọ́. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó jókòó.

Ó ní, "Oṣù mélòó ni mi ò ti fẹnu kan iyán?"

"Oṣù mẹ́jọ."

"Òkèlè mẹ́rin ni, Bàbá Títí. Òkèlè mẹ́rin péré ní Sọ́ńdè. Dókítà onóúnjẹ ló fọwọ́ sí i fún mi. Ẹ jókòó síwájú mi, ẹ ń jẹ tiyín, ẹ ń wò mí."

Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mò ń bínú. Ẹ jẹ́ kí n bínú ná." Ó ti ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti ń sọ fún ara mi pé àgbà ti dé, pé mi ò lè ṣọ́ ẹnu ara mi mọ́. Ẹ̀yin sì mọ̀."

Ó dìde, ó mú ọ̀bẹ, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé lẹ́tà Títí lẹ ń kọ látàná?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má fo ibì kankan."

Mo ti kọ ọ́. Di àkókò yìí, ìyá rẹ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn, àfi pé ó gbé oúnjẹ ọ̀sán mi síwájú mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ọkàn mi ti fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, kò sì tọ́ kí n fi ìyẹn dù ú fún ọjọ́ kan pàápàá.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Má fọwọ́ sí ìwé yẹn ní Mọ́ńdè bí ẹ̀rọ náà ṣe wà. Má pariwo, má dójú ti ọ̀gá rẹ níwájú àwọn èèyàn. Lọ bá a ní òun nìkan, kí o mú nǹkan méjì dání. Kọ́kọ́ mú nọ́ńbà: dí rọ́bà náà díẹ̀, kọ ohun tó kà, dí i gan-an, kọ ọ́, dí i pátápátá, kọ ọ́, jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí nọ́ńbà ti dúró. Lẹ́yìn náà, mú àtúnṣe: rẹsítọ̀ méjì tí á pín iná náà kí ó tó dé ẹsẹ̀ ṣíìpù, kí ibi tó léwu jù wà láàárín nọ́ńbà, kí ó má wà ní òkè pátá. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ náà pé bó bá rí 4095, kí ó ké pé òun kò ríran mọ́. Kí ó má ṣe bí ẹni pé gbogbo nǹkan wà dáadáa. Ìdánwò tó yege yẹn, béèrè bóyá ẹnikẹ́ni dí rọ́bà náà pátápátá nínú rẹ̀.

Bí ó bá gbọ́, ó dára. Bí kò bá gbọ́, kọ ọ́ sínú ìwé pé o sọ ọ́, má sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá dá ọ dúró, yàrá rẹ wà níbí, bẹ́ẹ̀dì rẹ wà níbẹ̀. Á dùn mí. Màá ṣàníyàn, o mọ̀ pé màá ṣàníyàn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ bó ṣe rí láti jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ẹni tí nọ́ńbà mi purọ́ fún. Ẹni tí wọ́n máa so rọ́bà yẹn mọ́ lọ́wọ́ náà ní ẹni tó máa jókòó tì í.

Má pè mí bí o bá ka èyí tán. Ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ pè. Èébú tí o bú u lọ́jọ́sí, èmi ló tọ́ sí. Kò ní ní kí o tọrọ àforíjì, o mọ ìwà rẹ̀, á ní kò sí nǹkan kan. Bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Délé.